Ṣé ká ra ilé, nígbà tí ìjọba lè ní ká má lé ayálégbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi àti ìyàwó mi ń wá ilé onífúláàtì méjì rà ní Wakefield, ní Bronx, ní ìlú New York. A fẹ́ máa gbé ìsàlẹ̀, kí a gba ayálégbé sí òkè. Báǹkì ti ní àwọn yóò yá wa lówó lábẹ́ ètò FHA, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń dúró fún ẹni tó fẹ́ yá owó ra ilé, àmọ́ ìyàwó mi ti fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Brooklyn. Nígbà kòrónà, ayálégbé rẹ̀ lo oṣù 16 láìsan kọ́bọ̀, kóòtù ò sì jẹ́ kó lé e. Títí di òní, kò rí owó yẹn gbà. Ṣé ìjọba tún lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ àwa tá a ní ilé kan ṣoṣo ló máa ń forí fá a? Kí la sì lè ṣe kí tiwa má bàa rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, nítorí náà mi ò ní bá a wí pé ó fà sẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ni pé àwọn onílé kékeré mìíràn wà ní Brooklyn, nínú ọdún kan náà, tí ayálégbé wọn ò sanwó bíi ti ẹ̀gbọ́n yẹn, tí wọ́n sì rù ú là. Ohun tó ya àwọn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí òun náà lẹ máa yẹ̀ wò nínú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ìtàn náà, nítorí àwọn èèyàn ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ẹni pé òfin kan ṣoṣo ni. Ní Oṣù Kẹta 2020, New York dá ẹjọ́ ilé dúró, gómìnà sì pàṣẹ pé kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni jáde. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà, òfin CARES, òfin ìrànlọ́wọ́ nítorí kòrónà, jáde láti Washington: fún 120 ọjọ́, onílé tí gbèsè ilé rẹ̀ bá ní ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú, bíi FHA, tàbí Fannie Mae àti Freddie Mac, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ báǹkì, kò gbọ́dọ̀ gbé ayálégbé lọ sí kóòtù nítorí owó ilé. Ìyẹn parí ní Oṣù Keje. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, wá gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ayálégbé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju $99,000 lọ, tàbí $198,000 fún tọkọtaya, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ò rí owó ilé san tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lé e nítorí owó ilé. Onílé tó bá rú àṣẹ náà lè san ìtanràn tó tó $100,000, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Nígbà tó di ọjọ́ 28 Oṣù Kejìlá, New York fi òfin tirẹ̀ lé e, èyí tó le ju ti CDC lọ, wọ́n sì ń sún un síwájú títí di ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní 2022. Bẹ́ ẹ bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù 22.

Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, kò sí èyí tó ní kí ayálégbé má san owó ilé. Gbèsè ń gorí gbèsè lóṣooṣù. Ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ onílé ni agbára láti lo kóòtù lé ayálégbé jáde. Àmọ́ kò gba ohunkóhun kúrò lórí onílé. Owó báǹkì ń lọ. Owó orí ilé tí New York City ń gbà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ń lọ. Omi, ìnṣọ́ránsì, àtúnṣe òrùlé. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 31 Oṣù Karùn-ún, òfin ìlú náà ní kí onílé máa mú ilé gbóná fún ayálégbé, ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí kò san.

Bí mo ṣe rí i nìyí: ìjọba sọ onílé di báǹkì láìbi í léèrè. Ó ní kó yá ayálégbé ní ibùgbé, ó ní owó ń bọ̀, kò sì sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú òfin náà o. Ní Oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníyìnyín tí wọ́n ń kó òkú sí wà níwájú àwọn hòsípítù wa, ibo lẹ fẹ́ kí ẹni tí wọ́n lé jáde kó ọmọ rẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ àwọn ayálégbé yẹn náà, èèyàn wa ni wọ́n: àwọn tó ń wa takisí, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tí ilé oúnjẹ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tì pa lọ́jọ́ kan. Ó yẹ kí wọ́n ní ibi tí wọ́n máa sùn. Ibi tí mo ti bá ìjọba jà ni pé òfin tó dá kóòtù dúró dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó tó yẹ kó tẹ̀ lé e sì lo ọdún kan àti oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká sọ pé $4,500 lẹ máa san fún báǹkì lóṣù, owó orí àti ìnṣọ́ránsì wà nínú rẹ̀. Ká sọ pé òkè ń mú $2,600 wá nínú rẹ̀. Bí òkè bá dákẹ́ fún oṣù 16, $41,600 ti lọ nìyẹn, gbogbo $4,500 sì ń jáde látinú owó iṣẹ́ yín lóṣooṣù, nígbà tí iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ lè ti mì. Kọ́ńpìnnì tó ní ilé 400, tí 40 nínú wọn ò san, ń pàdánù ìdá mẹ́wàá. Ó máa kùn, ó máa gba lọ́yà, ó máa pe báǹkì rẹ̀. Onílé tó ní ayálégbé kan ṣoṣo kì í pàdánù ìdá mẹ́wàá: odindi ló ń pàdánù. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ń forí fá a nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò kéré níye: gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2018, nǹkan bí mẹ́rin nínú fúláàtì tàbí ilé mẹ́wàá tí wọ́n fi ń gba ayálégbé ní orílẹ̀-èdè yẹn ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Òfin kan náà ni wọ́n sì gé fún gbogbo wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn tó rù ú là.

Irú gbèsè tí ilé wọn ní ló kọ́kọ́ yọ wọ́n. Òfin CARES tó ní kí wọ́n má lé ayálégbé ló tún ní kí báǹkì fún onílé láàyè: ẹni tí gbèsè ilé rẹ̀ wà lábẹ́ FHA, VA (ètò ti àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun), Fannie Mae tàbí Freddie Mac, tí ilé náà kò ju ìdílé mẹ́rin lọ, lè pe báǹkì kó ní kí wọ́n dá owó sísan dúró fún 180 ọjọ́, kó sì tún tọrọ 180 ọjọ́ mìíràn. Wọn kò ní kó mú ìwé owó oṣù wá. Ó kàn máa sọ pé kòrónà ti dí òun lọ́wọ́ ni. Wọn ò fagi lé gbèsè náà o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n bá gbé owó tó fò yẹn lọ sí ìparí gbèsè, wọ́n sì tẹ̀síwájú. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ àwọn ayánilówó aládàáni tí èlé wọn ga, tàbí tó ra ilé lórúkọ LLC, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó dá sílẹ̀, pẹ̀lú gbèsè oníṣòwò, kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ẹni tó fi owó ẹbí àti owó èsúsú ra tiẹ̀ kò ní báǹkì tó máa pè. Bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló ń pè é ní tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo rí tí wọ́n ta ilé ní 2021, ní iye tí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n há ń dá fún wọn.

Ohun kan wà tó ń dùn mí títí di òní. Òfin New York ti Oṣù Kejìlá 2020 ní apá tó dáàbò bo onílé kékeré: ẹni tí gbogbo ilé tó ní kò bá ju 10 lọ lè fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ pé nǹkan le fún òun, báǹkì kò sì ní lè gba ilé náà, ìlú kò sì ní lè ta gbèsè owó orí rẹ̀. Gbogbo ariwo wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ayálégbé ń fọwọ́ sí. Ìwé ti onílé wà níbẹ̀, ojú ewé díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò gbọ́ nípa rẹ̀ títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín onílé àti ayálégbé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Nígbà tí owó ìrànlọ́wọ́ dé nígbẹ̀yìn, bílíọ̀nù $25 ní Oṣù Kejìlá 2020 àti bílíọ̀nù tó lé ní $21 ní Oṣù Kẹta 2021, ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n kó o sí. Nígbà tí Oṣù Keje 2021 fi máa parí, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló tíì dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó dé. New York wà lára àwọn tó falẹ̀ jù: ọjọ́ 1 Oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n tó ṣí ojú ìwé ìtọrọ, oṣù 15 lẹ́yìn tí kóòtù ti dúró. Wọ́n lè san gbèsè oṣù 12, kí wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta iwájú kún un, tààrà sí ọwọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ayálégbé gbọ́dọ̀ kọ apá tirẹ̀: orúkọ, owó tó ń wọlé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, owó dúró síbẹ̀.

Àwọn ayálégbé kan ò kọ ọ́ nítorí ìwé ìgbélùú ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì ń bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ní orúkọ ìjọba lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò náà ò béèrè ìwé ìgbélùú. Àwọn mìíràn ò kọ ọ́ nítorí onílé ti bú ìyá wọn lórí àkàsọ̀. Mo ti rí ilé méjì lójú pópó kan ṣoṣo, gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Onílé kan ń gbé ìrẹsì lọ sókè lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó ti ayálégbé, àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé náà lórí fóònù. Ó gba owó oṣù 12. Onílé kejì ti já okùn íntánẹ́ẹ̀tì ayálégbé, ó ti pa iná, wọ́n ti pe ọlọ́pàá síra wọn. Kò rí nǹkan kan gbà nínú ètò yẹn. Ní Oṣù Kẹwàá 2021, ìpínlẹ̀ náà wá ya mílíọ̀nù $125 sọ́tọ̀ fún onílé tí ayálégbé rẹ̀ kọ̀ láti kọ ìwé tàbí tó ti kó jáde, wọ́n sì ní àwọn onílé kékeré ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Owó yẹn kéré sí ìṣòro náà.

Ẹni tó bá gba owó náà sì gbà sí àdéhùn: kò gbọ́dọ̀ fowó kún owó ilé fún oṣù 12, kò gbọ́dọ̀ gba owó ìtanràn fún sísan pẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ lé ayálégbé jáde láàárín ọdún yẹn nítorí pé àdéhùn ilé ti parí. Àyè kan ni wọ́n fi sílẹ̀: ilé tí kò ju ìdílé mẹ́rin lọ, tí onílé tàbí ẹbí rẹ̀ fẹ́ wá gbé ibẹ̀ fúnra wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ilé onífúláàtì méjì tí ẹni tó ni ín ń gbé inú rẹ̀ máa ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà nínú òfin New York léraléra.

Ìwé tó bí àwọn onílé nínú jù ni ìwé ìjẹ́wọ́ tí ayálégbé ń fọwọ́ sí lábẹ́ òfin Oṣù Kejìlá yẹn. Ó fọwọ́ sí i pé àrùn ti dá òun ní gbèsè, ó tán. Onílé ò lè lọ sọ fún adájọ́ pé, "Olúwa mi, iṣẹ́ ìjọba lọkùnrin yìí ń ṣe, kọ́bọ̀ ò yọ nínú owó oṣù rẹ̀." Àwọn onílé kékeré kan gbé e títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹjọ 2021, ilé ẹjọ́ náà dá apá yẹn dúró: ó ní èèyàn ò lè jẹ́ adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìbò 6 sí 3 fòpin sí àṣẹ CDC pẹ̀lú. New York tún òfin rẹ̀ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án kí onílé lè bi ayálégbé léèrè ẹ̀rí, oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ ló sì kù kó parí pátápátá.

Ṣé ó tún lè ṣẹlẹ̀? Láti Washington, ó ṣòro báyìí. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé òfin 1944 tí CDC gbára lé kò fún un lágbára láti bá onílé àti ayálégbé dá sí ọ̀rọ̀ owó ilé jákèjádò orílẹ̀-èdè, àfi kí àwọn aṣòfin fúnra wọn sọ ọ́. Ìpínlẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní 1920, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ilé wọ́n gógó ní New York, àwọn aṣòfin sì dá agbára onílé láti lé ayálégbé dúró. Àwọn onílé pẹjọ́. Ní 1921, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbè sẹ́yìn ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú ìbò 5 sí 4. Ẹ wo bí òfin àtijọ́ yẹn ṣe gbọ́n tó, síbẹ̀: ayálégbé tó bá ń san iye tó bójú mu nìkan ló dáàbò bò. Kò sì di dandan kí àrùn wà. Ní Scotland, òfin 2022 tó dá lílé ayálégbé dúró títí di Oṣù Kẹta 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà ló fà á. Àwọn èèyàn wa tó ní ilé ní Peckham àti Thamesmead náà mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 Oṣù Karùn-ún 2026, wọn ò lè fi ìwé Section 21 ní kí ayálégbé jáde láìsọ ìdí mọ́ ní England. Ọ̀rọ̀ tiwọn gùn, ó yẹ kó ní ọjọ́ tirẹ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé onílé máa gba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni pé ní Oṣù Kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington gbà kí ẹjọ́ àwọn onílé tó ní CDC gba dúkìá àwọn láìsanwó tẹ̀síwájú. Ẹ má fi ìyẹn ra ilé o.

Ó wá ku tiyín. Ohun tí màá bi yín ni pé: bí òkè bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ṣé owó wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi san báǹkì? FHA gba kí ẹ fi ìdá 3.5 péré sílẹ̀. Lórí ilé $800,000, ìyẹn jẹ́ $28,000, ẹnu a sì máa dùn láti fi gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wọnú ilé. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Lẹ́yìn owó ìwé, owó lọ́yà àti owó orí àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wa kì í ní tó owó oṣù kan lọ́wọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù mẹ́fà odindi, bíi $27,000 nínú àpẹẹrẹ tí mo fún yín, wà ní àkáǹtì mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bó bá máa mú kí ẹ dúró ọdún kan sí i, ẹ dúró. Báǹkì ò ní béèrè é lọ́wọ́ yín, torí FHA kì í fi dandan lé irú ìpamọ́ yẹn fún ilé onídìílé méjì bó ṣe ń ṣe fún ti mẹ́ta àti mẹ́rin, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa fi dandan lé ara yín.

Mo sọ ìyẹn tẹnumọ́tẹnumọ́ nítorí ìmọ̀ ilé tí ọ̀pọ̀ wa gbé wá látilé. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, onílé a gba owó ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, kí ayálégbé tó gbé àpótí wọlé. Owó àsanlẹ̀ yẹn ni ìrọ̀rí onílé. Ní New York, láti 2019, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó oṣù kan lọ ní ìdógò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gba owó oṣù tó ń bọ̀ pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé ẹ máa yọ ilẹ̀kùn tàbí pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Òfin Èkó ti 2011 pàápàá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní New York, ọ̀ràn tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú yín lọ sẹ́wọ̀n ni, ayálégbé a sì padà wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, yóò tún pè yín lẹ́jọ́.

Nípa ẹni tẹ́ ẹ máa gbà sókè: àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gba ẹni tó ní fáúṣà Section 8, ìwé tí ìjọba fi ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kéré san lára owó ilé. Lákọ̀ọ́kọ́, kíkọ èèyàn nítorí fáúṣà lòdì sófin ìlú New York nínú ọ̀pọ̀ ilé; òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ilé onídìílé méjì tí onílé ń gbé inú rẹ̀, àmọ́ ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gbára lé e. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ rántí 2020. Àjọ tó ń san fáúṣà ń san apá tirẹ̀ tààrà fún onílé lóṣooṣù, bí iṣẹ́ ayálégbé bá sì bọ́, apá ti àjọ náà a máa pọ̀ sí i ni. Àwọn onílé tí gbogbo ìlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí "àwọn oní-fáúṣà" ni owó wọn ń wọlé nígbà tí tẹlòmíràn dákẹ́.

Ẹ má fi ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sínú LLC nítorí pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ó gbọ́n. FHA ò ní yá LLC lówó, LLC ò sì lè dá ara rẹ̀ dúró ní kóòtù New York láìgba lọ́yà. Ẹni tó ni ilé lórúkọ ara rẹ̀ lè lọ fúnra rẹ̀. Ayálégbé tí owó rẹ̀ kéré sábà máa ń rí lọ́yà ọ̀fẹ́ ní ìlú yẹn. Onílé kì í rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bésíméǹtì. Bí ìwé ilé bá sọ pé ìdílé méjì ló wà fún, tẹ́ ẹ sì gba ẹnì kẹta sí bésíméǹtì, ẹ ò lè fi kóòtù gba owó ilé náà, ẹ sì lè ba ẹ̀tọ́ yín lórí owó òkè jẹ́ mọ́ ọn.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà. Òfin tí wọ́n ṣe ní Oṣù Kẹrin 2024, tí kò jẹ́ kí onílé kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe láìní ìdí gúnmọ́, yọ onílé tí ilé tó ní ní gbogbo ìpínlẹ̀ kò ju 10 lọ sílẹ̀, ó sì tún yọ ilé tí kò ju 10 lọ tí ẹni tó ni ín ń gbé inú rẹ̀. Ẹ wà nínú àyè méjèèjì. Ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òfin náà ò mú yín, àti ìdí rẹ̀.

Kí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ní Brooklyn pé gbèsè rẹ̀ ò tíì kú. Ọdún mẹ́fà ni òfin New York fi sílẹ̀ láti pẹjọ́ lórí owó àdéhùn, wọ́n sì fi oṣù mélòó kan kún un nítorí ìgbà tí kóòtù tì ní 2020. Ó ń tán lọ o, kó yára. Fún owó tí kò bá ju $10,000 lọ, kóòtù kékeré wà tó lè lọ láìgba lọ́yà. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá lọ́yà. Bó bá gba ìdájọ́, ó wà láàyè fún ogún ọdún, ayálégbé yẹn á sì fẹ́ ra mọ́tò tàbí ilé lọ́jọ́ kan. Kó má sì ṣe kọ owó tí kò rí gbà yẹn sínú ìwé táàsì bí àdánù, bí àwọn akọ̀wé táàsì kan ṣe ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Owó ilé tí kò wọlé rí, kò tíì di owó tó wọlé fún un, nítorí náà kò sí ohun tó máa yọ kúrò.

Ẹ ò sọ bóyá ẹnì kan ń gbé òkè ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà báyìí. Bó bá wà níbẹ̀, àdéhùn rẹ̀ á bá ilé wọlé fún yín, gbèsè àti ìjà àtijọ́ sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta ilé jẹ́ kó ṣófo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ayálégbé náà dúró, ẹ ní kó fọwọ́ sí lẹ́tà tó sọ iye tó ń san lóṣù, oṣù tó san kẹ́yìn, iye ìdógò tó wà lọ́wọ́ onílé, àti bóyá ẹjọ́ kankan wà láàárín wọn. Lọ́yà yín lè kọ ọ́, ojú ewé kan ló máa ń jẹ́.